Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin London nítorí omi mímu ní Malawi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AsáréThamesmead

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti rí àyè gbà nínú eré ẹlẹ́mìí ẹṣin London, kìlómítà 42 àti díẹ̀. Kèké kọ́ ló mú mi o. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ fún kèké ti 2026 lé ní mílíọ̀nù kan, orúkọ tèmi ò sì jáde. Àjọ aláàánú kan tó ń ṣètò omi mímu ní Malawi ló fún mi ní ọ̀kan nínú àyè tiwọn. Àdéhùn wa ni pé mo gbọ́dọ̀ kó £2,000 jọ fún wọn, ó kéré tán.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ti kọjá ogójì ọdún. Eré tí mo mọ̀ ọ́n sá kò ju kí n lé bọ́ọ̀sì lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa fún irú nǹkan báyìí? Tó bá jẹ́ ìkómọ ni, mo mọ̀ pé owó á jáde. Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé omi lowó náà dà, tí kì í ṣe fọ́tò àti àlàyé? Ara mi tó ti ń dún gbì-gbì lórí àtẹ̀gùn wá ńkọ́?

AlátakòÀgbà

Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Kí ló gbé Malawi wá? Lábúlé ìyá mi lókè Ìṣẹ́yìn, pọ́ǹpù omi tí wọ́n ṣe síbẹ̀ ti di ibi tí ewúrẹ́ ń fara nù. Ẹ sáré fún ilé ná.

ỌmọÌbàràpá

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí sòbìyà? Èmi rántí o. Ìtòsí Ìdèrè ni wọ́n bí mi sí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn àrùn yẹn mọ Ìdèrè, torí ibẹ̀ ni àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Omi adágún lèèyàn á mu lónìí. Tó bá tó bí ọdún kan, kòkòrò funfun gígùn á máa yọ jáde lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa fi igi tín-ín-rín wé e díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ara. Baálé ilé á wà lórí ẹní, oko á di igbó, ọmọ á fi ilé ìwé sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ìpínlẹ̀ Enugu ló wà, ní oṣù kọkànlá 2008. Nígbà tó di 2013, àjọ WHO fọwọ́ sí i pé sòbìyà ti kúrò nílẹ̀ wa. Àwọn ará abúlé wa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìjọba náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ Jimmy Carter àti UNICEF wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó, aṣọ ìsẹ́mi àti oògùn tí wọ́n ń dà sínú adágún. Àwọn tó dáwó yẹn ò mọ Ìdèrè rí, wọn ò sì béèrè pé kí ni Ìbàràpá ṣe fún àwọn. Ní 2023, èèyàn 14 péré ni wọ́n rí tó ní sòbìyà ní gbogbo ayé. Àǹtí, ẹ sáré yín lọ sí Malawi.

AlátakòÀgbà

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ewúrẹ́ ṣì wà nílẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ò tíì dá mi lóhùn.

BàbáOníkánfáàsì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tara, kí àwọn onímọ̀ omi tó dé.

Ọmọ mi, fi ọkàn balẹ̀. Oṣù mẹ́rin sí márùn-ún gbáko ni ìmúrasílẹ̀ fún ẹni tí kò sáré rí, tó bá ti lè rìn kánmọ́kánmọ́ fún wákàtí kan láìdúró. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó. Ẹ̀ẹ̀kan nínú rẹ̀ ni kó gùn, ìyókù kó kúrú, kó sì rọra. Nígbà tí mo bá sọ pé kó rọra, mo ní in lọ́kàn dáadáa: tí o bá ń sáré tí o kò lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀ geere, o ti sá jù. Èmi máa ń kọrin. Bí ohùn bá ti ń já, mo ti mọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kọjá mi lẹ́bàá odò ti mọ gbogbo orin ẹgbẹ́ akọrin wa báyìí.

Máa fi díẹ̀díẹ̀ kún èyí tó gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan sì máa wà láàrin tí o máa dín in kù kí iṣan lè sinmi. Tó bá ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, o ti yẹ kí o sá nǹkan bíi kìlómítà 30 rí. Lẹ́yìn náà, dín in kù. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù sọ ọ́ di ẹni tó ń sáré púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn.

Ti iṣẹ́ alẹ́: má ṣe ti ibi iṣẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Lọ sùn ná. Eré gígùn lẹ́yìn òru àìsùn, ojú ọ̀nà ló ń gbéni ṣubú, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀.

Kánfáàsì, lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ ẹni, kí o ra èyí tó fi díẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ lọ, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lójú ọ̀nà. Má wọ tuntun lọ́jọ́ eré. Fi Vaseline sí itan, abẹ́ apá àti ibi tí okùn kọ́mú ń gbà. Ẹni tí òógùn àti aṣọ bá ti bó lára lẹ́ẹ̀kan kì í tún béèrè ìdí.

Rírìn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò eré London ní àwọn tó ń rìn bọ̀ lẹ́yìn pátápátá fún àwọn tó máa lo wákàtí mẹ́jọ. Wákàtí mẹ́jọ! Ìyàwó ilé tó ń lọ sí ọjà Ìbàdàn, tó sì ń padà, ń rìn tó bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ pẹ̀lú ẹrù lórí.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlera kún un, torí mo ti rí àwọn asáré nílé ìwòsàn.

Àǹtí, ẹ̀yin tó ń sáré nítorí omi, omi náà lè ṣe yín ní jàǹbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní eré Boston ti 2002, àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ asáré 488 lẹ́yìn eré. Mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ọdún 2005 ni ìwádìí náà sì jáde. Omi àmujù ló ń fà á: ẹ̀jẹ̀ á di omi wẹ́rẹwẹ̀rẹ, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn tó ń rọra sá, tó ń pẹ́ lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń dúró nídìí gbogbo tábìlì omi ló wà nínú ewu jù, ìyẹn irú wa. Orí fífọ́, èébì, kéèyàn máa sọ̀rọ̀ kántankàntan: ẹ má fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lómi sí i, ẹ pe àwọn onítọ̀ọ́jú. Òǹgbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mu. Kò bá gbẹ yín, ẹ kọjá tábìlì yẹn.

Ẹ fi ibuprofen sílẹ̀ lọ́jọ́ eré. Kíndìnrín ń ṣiṣẹ́ kárakára lọ́jọ́ yẹn, oògùn yẹn ń fi kún ìnira rẹ̀.

Èyí tí àwọn tó kọ ìwé eré fún òyìnbó kì í sọ fún wa ni ti ẹ̀jẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ AS, ẹ lè sáré, ọ̀pọ̀ ń sá a, ṣùgbọ́n kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má ṣe sáré àsápa nínú oòrùn, kí ẹ sì dúró tí iṣan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro yín lọ́nà tí kò yé yín. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn nọ́ńbà yín. Ẹni tó bá jẹ́ SS, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí, kì í ṣe àwa.

Ẹsẹ̀YáJuMọ́tò

Mo kà nípa àwọn mẹ́ta kan, Charlie Engle, Ray Zahab àti Kevin Lin, tí wọ́n sáré la aṣálẹ̀ Sahara já láti Senegal dé Òkun Pupa ní Íjíbítì. Ọjọ́ 111 ni wọ́n lò, láti oṣù kọkànlá 2006 wọ 2007, nítorí omi mímu ní Áfíríkà ni. Mina Guli, obìnrin ará Australia, náà sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin 200 káàkiri ayé, ó sì parí rẹ̀ ní New York ní oṣù kẹta 2023 nígbà ìpàdé àjọ UN lórí omi. Ṣé kì í ṣe irú nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn dáwó? Ta ló máa yà lẹ́nu pé ẹnì kan sáré ní London?

ÌyáÌbejìLeeds

Ó máa ya màmá rẹ̀ lẹ́nu. Ó máa ya àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu. Àwọn ló máa dáwó. Àwọn tó la Sahara já ń wá kí gbogbo ayé gbọ́ ni, àǹtí wa yìí £2,000 ló ń wá.

Ẹ gbọ́ mi o, mo ti kó irú owó yìí jọ fún oríṣiríṣi nǹkan, mo sì ti wá mọ èrò àwọn èèyàn wa. Wọn kì í ṣe ahun. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni kí wọ́n pè wọ́n pọ̀ mọ́ èrò. Tẹ́ ẹ bá ju líǹkì sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tó ní igba èèyàn, gbogbo wọn á fi ọwọ́ àdúrà méjì ránṣẹ́, ẹnì kankan ò ní tẹ líǹkì yẹn. Olúkúlùkù ń rò pé ẹlòmíì ti ṣe é. Ẹ pe èèyàn lórúkọ. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí i, kí ẹ kí i, kí ẹ bi í léèrè ọmọ rẹ̀, kí ẹ wá sọ iye tí ẹ fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, iye! Ẹ máà sọ pé "iyekíye".

Kí ẹ tó fi líǹkì hàn ẹnikẹ́ni, ẹ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tọ́wọ́ wọn tẹ́nu, kí wọ́n ṣí i. Ẹni tó bá wọlé tó rí £100, £100, £50 lókè, ojú á tì í láti fi £3 síbẹ̀. Ẹni tó bá sì rí £5 lókè, £5 lòun náà máa fi sílẹ̀ kó tó máa lọ, bó tilẹ̀ ń gun Range Rover.

Ẹ wo ọjọ́ owó oṣù. Ìparí oṣù ni kí ohùn yín lọ, kì í ṣe ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún tí gbogbo èèyàn ń ka ṣílè.

Ti òde àríyá, ẹ má ṣètò tiyín lọ́tọ̀, owó gbọ̀ngàn á jẹ gbogbo èrè. Ẹ bá ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí sọ̀rọ̀, kó gbà kí alága ìjókòó dárúkọ eré yín fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ aṣọ eré yín jó wọlé, ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà. Ẹ máa rí i. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n tà lẹ́yìn ìsìn máa ń lọ ju ìrẹsì lọ, torí gbogbo ilé ló ti se ìrẹsì tirẹ̀ sílẹ̀.

ỌmọÀáfà_Luton

Ẹ má gbàgbé mọ́sálásí o. Nínú hádíìsì, Saʿd ibn ʿUbādah bi Ànábì léèrè sàráà tó dára jù lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti kú. Omi ni Ànábì dárúkọ fún un, Saʿd sì gbẹ́ kànga ní orúkọ ìyá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn fún àwọn ìyá àgbà wa tí òbí wọn ti re ọ̀run, ẹ ò ní ṣe wàhálà púpọ̀. Sàdákátù járíyà ni wọ́n á pè é, ìyẹn sàráà tí èrè rẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Inú ààwẹ̀ Ràmàdáánì ni kí ẹ lọ bá imáàmù, kí ó kéde rẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ sọ òtítọ́ fún wọn nípa ibi tí owó ń lọ, torí àwọn kan á fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òbí wọn sára kànga, àjọ náà sì lè má ṣe bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wéOwó

Kò dáa kí wọ́n kọ orúkọ sí i, ẹ̀rí mi rèé: ẹ bi AlátakòÀgbà bóyá orúkọ ẹnì kan wà lára pọ́ǹpù tí ewúrẹ́ ń fara nù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ owó. Gift Aid: ẹni tó bá ń san owó orí ní Bìrìtìkó, tó fọwọ́ sí i, tó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ilé rẹ̀, ìjọba á fi kọ́bọ̀ 25 kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. £100 á di £125 láìná ohun kankan sí i. Àǹtí yín tó wà ní Ìbàdàn kò sí nínú èyí o, kò san owó orí níbí, ẹ má bá a tẹ̀ ẹ́. Owó mọ́ínmọ́ín náà kò sí níbẹ̀, torí wọ́n ra nǹkan ni, wọn ò ta ọrẹ. Owó tí wọ́n ná mọ́ yín lórí lóde àríyá bákan náà, ta ló kọ àdírẹ́sì sára rẹ̀?

Owó wọ̀nyẹn, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì wọ ojú ewé ìdáwó yín ní ọjọ́ kejì. Kó má sùn nínú àkáǹtì yín. Mi ò sọ pé olè ni yín. Ẹnu ayé ni mò ń sá fún.

Bí ẹ bá lo JustGiving, ìkànnì ìdáwó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń bi ẹni tó ń dáwó bóyá yóò fi nǹkan díẹ̀ sí i fún àwọn fúnra wọn. Kì í ṣe dandan, èèyàn lè sọ ọ́ di òdo. Ẹ sọ fún àwọn àgbàlagbà yín kí wọ́n má baà rò pé àjọ ló ń jẹ ẹ́. Kí ẹ sì béèrè níbi iṣẹ́ yín: àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi iye tí òṣìṣẹ́ wọn bá kó jọ kún un.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo eléyìí, ẹ wá orúkọ àjọ náà nínú ìwé àkọsílẹ̀ Charity Commission, àwọn tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú. Ọ̀fẹ́ ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ máa rí iye tó wọlé fún wọn àti iye tó jáde lọ́dọọdún.

KàngaDúdú

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Ìbéèrè ewúrẹ́ yẹn ló ṣe kókó jù níbí, ẹ̀gbọ́n Alátakò, mo kí yín. Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ mi, mo ti ṣe é nílé, mo sì ti ṣe é ní Malawi.

Lábúlé Malawi, pọ́ǹpù àfọwọ́tẹ̀ tẹ́ ẹ máa rí jù ni wọ́n ń pè ní Afridev. Láàrin ọdún 1980 sí 1990 ni wọ́n ṣe é, èrò wọn sì ni pé àwọn ará abúlé gan-an ni yóò máa tún un ṣe. Sípánà kan ṣoṣo ló ń tú u. Páìpù inú rẹ̀ kì í ṣe irin, oníke ni. Àwọn obìnrin mélòó kan lè fa ọ̀pá rẹ̀ jáde láàárọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ wáṣà, kí omi sì ti jáde kó tó di ọ̀sán. Irú kejì tó pọ̀ nílé wa, India Mark II, lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n páìpù onírin ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, irinṣẹ́ tó wúwo ló sì ń fà á jáde. Níbi tí omi ilẹ̀ bá ti ní kíkan nínú, irin yẹn á dípẹtà. Omi á pupa, á máa rùn bí irin, aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ á bàjẹ́. Pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àwọn obìnrin á kọjá lára rẹ̀ lọ sódò. Nínú ìwé ìjọba, abúlé yẹn ti ní omi.

Wáṣà kì í wọ́n. Kí ló wá dé tí pọ́ǹpù fi ń kú? Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí owó wáṣà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó já. Tàbí kí owó wà, kí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á jìnnà tó ìrìn ọjọ́ kan. Tàbí kí ẹni tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ti lọ wá iṣẹ́ sí Lilongwe tàbí Johannesburg, kò sì kọ́ ẹlòmíì. Àwọn tó gbẹ́ kànga ti ya fọ́tò, wọ́n ti lọ sí abúlé mìíràn. Lójú tèmi, àìsàn ọ̀pọ̀ kànga Áfíríkà nìyí: owó ìbẹ̀rẹ̀ máa ń wà, owó ọdún kẹta ni kì í sí. Àjọ tó ń dá àkójọ owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ lábúlé, tó jẹ́ kí àwọn obìnrin máa di ìwé owó náà mú, tó sì ń padà wá wò lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ sáré fún un.

Nítorí náà, àǹtí, ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ béèrè pé nínú gbogbo pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó ló ń fa omi lónìí. Àjọ tó mọṣẹ́ á ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà ò sì ní pé ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Tí wọ́n bá ní gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ẹ sá fún wọn.

Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n ń yẹ̀ wò nínú omi náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní Bangladesh, láti nǹkan bí 1970 lọ sókè, ìjọba àti UNICEF ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti ri páìpù kànga mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọdé má baà máa kú nítorí ìgbẹ́ gbuuru tí omi adágún ń fà. Omi tó jáde mọ́ gaara. Ní 1993, wọ́n rí i pé májèlé arsenic wà nínú rẹ̀, àtinú ilẹ̀ ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò ní adùn. Àìmọye mílíọ̀nù èèyàn ti mu ún. Ní àfonífojì ńlá inú Ethiopia náà, èròjà kan tó ń jẹ́ fluoride nínú omi kànga ń sọ eyín ọmọdé di aláwọ̀ ilẹ̀, ó sì ń ba egungun àgbà jẹ́. Kí omi mọ́ lójú kò tíì tó.

Ẹ tún má bínú tí wọ́n bá ní apá kan owó yín ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọṣẹ àti klorín. Àrùn onígbáméjì tó bẹ̀rẹ̀ ní Malawi ní oṣù kẹta 2022 pa èèyàn tó lé ní 1,700, èyí tó burú jù nínú ìtàn orílẹ̀-èdè náà. Ìjì Freddy tún jà ní gúúsù wọn ní oṣù kẹta 2023, àgbàrá sì gbá ẹ̀gbin ìgbọ̀nsẹ̀ wọnú kànga. Kànga nìkan ò lè dá irú ìyẹn dúró.

AlátakòÀgbà

Haa. Ẹ̀yin ni mo ń wá láti ọjọ́ yìí. Ṣé pọ́ǹpù tiwa yẹn, ẹnì kan lè wò ó kó tó di pé a pè é ní òkú?

KàngaDúdú

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé ya fọ́tò orí rẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n tó wà nínú rẹ̀, kó sì sọ fún mi bóyá omi pupa ló ń yọ kó tó kú. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Ó lè jẹ́ páìpù nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi àwọn obìnrin ibẹ̀ ta ni yóò máa gba owó, kí ẹ tó bi mí iye tí páìpù jẹ́.

AsáréThamesmead

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gidigidi. Mo ti kọ̀wé béèrè iye pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn mi, kí ẹ bá mi tún un ṣe:

"Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, mo fẹ́ sáré kìlómítà 42 láti gba àwọn ọmọ Áfíríkà tí òǹgbẹ ń pa là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́ pẹ̀lú iyekíye tí Ọlọ́run bá fi sí yín lọ́kàn. Líǹkì rèé."

KàngaDúdú

Òǹgbẹ kọ́ ló ń pa wọ́n. Wọ́n ń rí omi mu lójoojúmọ́, omi náà ni kò dára. "Àwọn ọmọ Áfíríkà" sì nìyẹn, àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́, ọmọ ibo ni yín?

ÌyáÌbejìLeeds

£5 ni Ọlọ́run máa ń fi sí wọn lọ́kàn. Ẹ dárúkọ iye! Mo tún un kọ báyìí, ohùn ni kí ẹ fi sọ ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́:

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ńkọ́? Ẹ máa rẹ́rìn-ín: èmi yìí ni mo fẹ́ sá eré London ní oṣù kẹrin, máìlì 26. Mo ń fi kó owó jọ fún àwọn abúlé kan ní Malawi tí omi odò ń kó àìsàn bá àwọn ọmọ wọn. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi £26 sí i, pọ́n-ùn kan fún máìlì kan. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí Gift Aid, ó ti di £32.50 nìyẹn. Mo máa sọ bí eré náà ṣe lọ fún yín."

Kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn lóòótọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Ẹsẹ̀YáJuMọ́tò

Níbo la máa dúró sí láti fi gángan kí yín?

BàbáOníkánfáàsì

Ìbẹ̀rẹ̀ eré wà ní Greenwich àti Blackheath, á gba Woolwich kọjá ní nǹkan bíi máìlì kẹta. Àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀, Sọ́ńdè ni, ṣọ́ọ̀ṣì mélòó kan á ti gbé ẹ̀rọ ohùn síta. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti ṣọ́ra, ọmọ mi. Ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀, ìlù ń dún, ẹsẹ̀ á fẹ́ fò. Má dá a lóhùn. Kí gángan dúró de ọ́ ní Deptford, lẹ́yìn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ Cutty Sark, nígbà tí ariwo àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn Tower Bridge tó wà ní ìdajì ọ̀nà, o máa yí ká Isle of Dogs, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń wúwo. Kí ẹnì kan tó fẹ́ràn rẹ dúró níbẹ̀ pẹ̀lú dàbínù àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kó má ṣe béèrè bó ṣe ń ṣe ọ́.

Lálẹ́ tó ṣáájú, ìrẹsì àti ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Fi ẹ̀wà sílẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Láàárọ̀, búrẹ́dì tàbí ògì, wákàtí mẹ́ta kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

AsáréThamesmead

Àjọ náà ti dá mi lóhùn. Wọ́n ní nínú àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ó lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá tó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì sọ ohun tó ṣe ìyókù: omi ilẹ̀ lọ sílẹ̀ níbì kan, ìjà oyè da ìgbìmọ̀ omi rú níbòmíì.

KàngaDúdú

Ìjà oyè! Olóòótọ́ ni wọ́n. Ẹ máa sáré.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Nọ́ńbà yín, àǹtí: ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ gbà á ní gbọ̀ngàn ńlá ExCeL, láti Ọjọ́rú sí Sátidé ọ̀sẹ̀ eré náà. Wọn kì í fún èèyàn lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí eré ń lọ. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Sátidé èrò á pọ̀, dídúró pẹ́ lórí ẹsẹ̀ ò sì dáa nígbà tí eré kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ lọ ní Ọjọ́rú. Kí ẹ sì gba ìsinmi fún iṣẹ́ alẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn láti ìsinsìnyí, kí ọ̀gá yín tó kọ ìwé iṣẹ́ jáde.